Iyì Ohun tí Ọwọ́ Ènìyàn Ṣe

Ìbéèrè kan wà tí àwọn onírònú ti ń bi ara wọn láti ìgbà pípẹ́, tí ó sì hàn gedegbe láàrin àwọn atabéèsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ju bí ó ti hàn níbi púpọ̀ lọ: nígbà tí ohun méjì bá ń ṣe iṣẹ́ kan náà, kí ni ó dé tí ọkàn ènìyàn fi ń fà sí èyí tí ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ṣe, tí yóò fi máa wá a láti ìlú dé ìlú, tí yóò sì san owó gọbọi lé e, nígbà tí èkejì wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ilé rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú?

Ampilifáyà ni mò ń wí, ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn béèsì ga. Àìní ni ó bí i, kì í ṣe afẹ́. Béèsì onígi, òpó-gíga-abohùn-ilẹ̀, a máa rì sínú ariwo fèrè àti ìlù, títí Everett Hull, tí òun náà ń ta béèsì, fi ki maikirofóònù bọ inú ẹsẹ̀ tí béèsì fi ń dúró, ní àárín àwọn ọdún 1940. Láti ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Ampeg ti yọ. Ní 1960 ni Jess Oliver, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, mú B-15 jáde, ẹ̀rọ wáàtì 25 péré, tí a máa ń dojú rẹ̀ dé sínú àpótí ara rẹ̀ bí òde bá tú, kí àwọn fáàfù rẹ̀ má baà fọ́ lójú ọ̀nà. B-15 yìí ni James Jamerson, ẹni tí béèsì rẹ̀ wà nídìí àìmọye orin Motown, ń lò ní àwọn ilé ijó kéékèèké. Nígbà tí ó fi di 1969, SVT, ẹ̀rọ Ampeg mìíràn, ti dé, wáàtì 300, fáàfù 14, ẹrù tí alágbára méjì ń gbé tí wọ́n ń mí hẹlẹ.

Ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 1970 ni ọkùnrin kan ní Kalifóníà, Walter Woods, ti gba ọ̀nà mìíràn. Ampilifáyà tirẹ̀ kéré, ó fúyẹ́, ọwọ́ kan tó láti gbé e. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kàn án, kò sì kó o fún àwọn ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n bá a tà á. Nígbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀kan, pàápàá nínú àwọn oníjáàsì tí ń ta béèsì onígi, a máa tẹ̀ ẹ́ láago, wọn a sì jọ sọ̀rọ̀. Alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀wọ́n ni ó ń fa ọkàn àwọn tí ń wá a. N kò gbà. Ọ̀rọ̀ ọjà ni ọ̀wọ́n. Bí a bá rí ẹgbẹ̀rún kan irú rẹ̀ nínú àká kan lọ́la, owó rẹ̀ yóò wálẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ní wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní ohùn náà gan-an ni. Ó dára, ṣùgbọ́n bí a bá ta aṣọ sáàrin, tí etí kò sì mọ ìyàtọ̀ mọ́ ńkọ́? Bí baba ẹni bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà, tí akọ̀wé sì tẹ àdàkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n èwo ni ọmọ yóò tọ́jú sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀?

Síbẹ̀, kí a má ṣe sọ iṣẹ́ ọwọ́ di òrìṣà. Ifá tilẹ̀ kọ́ wa pé Àjàlá alámọ̀, ẹni tí ń mọ orí, kì í sun gbogbo rẹ̀ jinná. Iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo wọn, òjò sì ń bó àwọn kan nínú wọn. Mo ti gbọ́ ìyìn tí wọ́n ń kì fún ẹ̀rọ tí ó ń kùn bí oyin lásán nítorí pé ọwọ́ ni a fi ṣe é! Ohun tí mo rò pé ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni pé iṣẹ́ ọwọ́ ní ẹni tí yóò jẹ́jọ́ rẹ̀. Ẹnìkan ni ó yan tiransifọ́mà yìí tí ó fi tọ̀hún sílẹ̀, ẹnìkan ni ó fi òjé yíyọ́ so wáyà yìí mọ́ ibí, tirẹ̀ ni ẹwà ibẹ̀, tirẹ̀ sì ni àbùkù ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá lè gbé aago mọ́, ọrùn ẹni tí ẹ̀rọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹjọ́ bọ́ sí.

Nítorí èyí ni inú mi kò fi dùn sí àwọn tí ń kó o pamọ́ sínú dígí. Àwọn kapásítọ̀ kan wà nínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí omi inú wọn ń gbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí jíjókòó láìṣiṣẹ́ sì ń tètè sọ di ahẹrẹpẹ. Ẹni tí ó ní òun ń tọ́jú rẹ̀ ni ó ń pa á. Àwọn mìíràn kò ní jẹ́ kí a pààrọ̀ kapásítọ̀ wọ̀nyí, nítorí pé ojúlówó rẹ̀ yóò sọnù, wọn ì báà gbà kí ó yadi. Èmi rò pé ojúlówó rẹ̀ wà nínú ìlànà tí ẹni tí ó kàn án tò ó sí, kì í ṣe nínú kapásítọ̀ tí òun pàápàá rà lọ́jà. Kí a ṣí i, kí a tún un ṣe, kí a sì gbé e lọ sí òde. Kí ẹni tí ó tún un ṣe sì kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún sí abẹ́ ìdérí, kí ẹni tí yóò tún ṣí i lẹ́yìn rẹ̀ lè mọ ẹni tí òun yóò bi léèrè.