A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí

Nígbà tí ìjọba Gómìnà Adékúnlé Ajáṣin sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1979, ìdènà owó dín kù lọ́nà ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ọmọ wọ ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀tọ̀ ni kí ó di òǹkàwé. Ilé-ìkàwé ni afárá tó wà láàárín méjèèjì. Ó ha tọ́, nígbà náà, kí àgbà nìkan jókòó pinnu ìwé tí ọ̀dọ́ yóò bá níbẹ̀, wákàtí tí ilẹ̀kùn yóò ṣí, àti òfin tí yóò dè é?

Àwọn tó ní ó tọ́ kò ṣàìní ẹ̀rí. Wọ́n ní ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Òótọ́ ni pé owó ìlú ni wọ́n fi ń ra ìwé, àgbà ni yóò sì jíhìn rẹ̀. Àmọ́ òwe yẹn kò ní kí wọ́n pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Ohun tó fi yéni ni pé kí ẹni tó mọ oògùn fi han ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Òwe mìíràn bá ọ̀rọ̀ náà mu jù bẹ́ẹ̀ lọ: a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ọmọ Ọ̀kà tó ti ilé-ẹ̀kọ́ gba oko lọ, àti ọmọ Ìkàrẹ́ tó ń bá ìyá rẹ̀ pàtẹ lọ́jà, àwọn ló mọ wákàtí tí ọwọ́ wọn ń dilẹ̀. Bí ilé-ìkàwé bá ti ti ilẹ̀kùn kí wákàtí náà tó dé, ìwé inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí oúnjẹ tí a tì mọ́nú àká. Àgbà lè rò pé ìwé ìdánwò WAEC nìkan ni ọ̀dọ́ ń fẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ìtàn àròsọ ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí.

Bíbéèrè lọ́wọ́ ọmọ kì í ṣe ojú rere lásán. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 1989 lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1991, sọ ní ìpín kejìlá pé kí ọmọ tó lè dá èrò ní sọ èrò rẹ̀ lórí ohun tó bá kàn án, kí a sì ka èrò náà sí ní ìwọ̀n ọjọ́ orí àti òye rẹ̀. Kò ní kí ọmọ jọba, kò sì ní kí ó yadi.

Tọ̀tún-tòsì ni ojúṣe wà fún. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́fà, lọ́kùnrin lóbìnrin, bá ń bá olùtọ́jú ilé-ìkàwé jókòó ní sáà kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ìdí rẹ̀ bí a kò bá gba àbá wọn. Ẹni tó bèèrè tí kò fèsì burú ju ẹni tí kò bèèrè rárá, nítorí ó ti kọ́ ọmọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní láárí. Ọ̀dọ́ tó bá sì bá wọn ṣòfin ni yóò kọ́kọ́ pa á mọ́: kì yóò ya ìwé, yóò sì dá èyí tó yá padà.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ohun tí wọ́n fi tẹ ìlú dó kò yẹ kí ó ṣòro láti fi ṣètò pẹpẹ ìwé ní Ìkàrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà.