Ta Ló Ni Ọ̀rọ̀ Yìí?

Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2016, Ààrẹ Muhammadu Buhari dìde ní Àbújá láti ṣí ìpolongo tuntun kan. Ohun tí ìpolongo náà ń bẹ̀ wá fún ni pé kí kálukú kọ́kọ́ tún ìwà ara rẹ̀ ṣe, kó tó máa retí kí ìlú dára. Ọ̀rọ̀ náà wọni létí.

Kò pẹ́ tí akọ̀ròyìn kan nílé ìwé ìròyìn ThisDay fi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, èyí tí Barack Obama sọ ní Chicago lálẹ́ ọjọ́ 4, oṣù kọkànlá, ọdún 2008, nígbà tó wọlé ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà. Ìpínrọ̀ kan nínú méjèèjì jọra bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ ni Ààrẹ wa nígbà náà kò dárúkọ Obama rárá. Ọ̀rọ̀ Obama wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní gbangba. Bó ṣe rọrùn fún ọwọ́ kan láti dà á kọ, bẹ́ẹ̀ ló rọrùn fún ojú mìíràn láti rí i.

Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, Garba Shehu, agbẹnusọ Ààrẹ, jẹ́wọ́ pé lóòótọ́ ni. Ó ní òṣìṣẹ́ kan ló ṣe é. Wọ́n gbé òṣìṣẹ́ náà kúrò níbẹ̀, àmọ́ ojú Ààrẹ ló tì lójú gbogbo ayé, níbi tó ti ń kọ́ wa ní ìwà rere. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni ì bá kó o yọ: “Gẹ́gẹ́ bí Obama ti sọ.”

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kàwé ní Kàbà, ẹ̀yin ará Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀, okun o. Ẹ̀yin ni mo ń sọ ìtàn yìí fún.

Ká ní o ń kọ iṣẹ́ àṣekágbà lórí aṣọ ipò, aṣọ pupa tí àwọn ará Bùnú fi ń ṣe ẹ̀yẹ ìsìnkú àgbà. O tẹ ìbéèrè sínú fóònù, ìpínrọ̀ kan jáde, o dà á kọ, o wá kọ “Orísun: Google” sábẹ́ rẹ̀. Ọjà ni Google. Ẹni tó ra iṣu lọ́jà Kàbà kì í sọ pé ọjà ló gbìn ín. Wá àgbẹ̀ náà rí. Bí o bá tọpa ọ̀rọ̀ náà dáadáa, o lè bá a nínú Cloth That Does Not Die, ìwé tí Elisha Renne gbé jáde ní 1995 lẹ́yìn tó wá ṣèwádìí láàárín àwọn Bùnú fúnra wọn. Orúkọ rẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti rí ọ̀rọ̀ kan, kọ orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, àkọlé, orúkọ ìkànnì, àdírẹ́sì rẹ̀ ní kíkún, àti ọjọ́ tí o kà á. Má fojú kéré ọjọ́ yẹn, torí ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí lè má sí níbẹ̀ lọ́la. Yahoo ti GeoCities, ìkànnì tí àwọn èèyàn ń kọ́ ojú ìwé ti ara wọn sí, pa ní 2009, àìmọye ojú ìwé sì bá a lọ. Gbólóhùn tí o bá gbé bó ṣe wà, fi àmì àyọlò há a. Èyí tí o fi ẹnu ara rẹ tún sọ, dárúkọ olóhun síbẹ̀.

Má sì tọ́ka sí ohun tí ojú rẹ kò kàn. Ní oṣù kẹfà, 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé agbẹjọ́rò méjì àti ilé-iṣẹ́ wọn, torí pé wọ́n tọ́ka sí àwọn ẹjọ́ tí ChatGPT hùmọ̀. Kò sí ilé-ẹjọ́ tó dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Bí ọmọdé bá pòwe níwájú àgbà, yóò ní “Tótó, ó ṣe bí òwe o.” Ó ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ní olóhun, pé òun kọ́ ló ni ín. Kò sẹ́ni tó ń fojú òmùgọ̀ wo ọmọ bẹ́ẹ̀. Ńṣe làwọn àgbà máa ń dá a lóhùn pé, “Wàá pa òmíràn.”