Èrè Ẹni Tí Ń Kọ́ Ọmọdé

Bíbélì kíkà: 2 Tímótì 1:3–5



Nígbà tí Pọ́ọ̀lù rántí ìgbàgbọ́ Tímótì, kò sọ pé ọ̀dọ̀ òun ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà kan ni ó dárúkọ, Lóísì, àti Yúníìsì tí í ṣe ìyá ọmọ náà. Inú ilé ni iṣẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjọ Elétò wa mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1831, ní Cape Coast, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ti kọ́ ìwé kíkà kó ara wọn jọ láti máa ka Bíbélì. William de Graft wà nínú wọn. Ní 1842, ó bá Thomas Birch Freeman wá sí Àgbádárìgì. Nígbà tí ó di 1843, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn ọmọdé níbẹ̀, ní ilé-ìwé tí àwọn òpìtàn kà sí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. (Ìyàwó náà ni mo máa ń rò jù. Ìwé ìtàn kì í sábà dá orúkọ rẹ̀ pè.) Tíṣà tí ó kọ́ de Graft ní kékeré kò mọ̀ pé ọ̀nà Àgbádárìgì ni òun ń là.

Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo gba kíláàsì àwọn ọmọdé ní ìjọ wa ní Mákòkó. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀gùn, tí ó máa ń sùn bí mo bá ti ń kọ́ wọn. Bí mo bá bi í ní ìbéèrè, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Ọwọ́ tíṣà àtijọ́ kò tíì kúrò lára mi: mo ní kí ó lọ dúró síta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é. Ní Ọjọ́ Ìsinmi kẹta, kò wá.

Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé wọn. Ìyá rẹ̀ ń yan ẹja, èéfín bo ojú àwa méjèèjì. Ó ní, "Màmá tíṣà, ẹ má bínú. Òun àti bàbá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń lọ dẹ àwọ̀n lóru. Ilẹ̀ a ti mọ́ kí wọ́n tó wọlé." Ojú tì mí gidigidi.

Ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní Jésù tí ó sùn nínú ọkọ̀, tí mo sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn, gbogbo ilé ni ó ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ náà ti fi èdè Ẹ̀gùn sọ ọ́ fún àwọn àbúrò rẹ̀. Ó ní orí àwọ̀n ni Jésù sùn sí, torí pé iṣẹ́ òru ti rẹ̀ ẹ́. Ìrọ̀rí ni Máàkù kọ (4:38), ṣùgbọ́n èmi kò tún un ṣe.

Ọmọ náà padà wá. Bí oorun bá gbé e lọ nísinsìnyí, mo máa ń fi ìborùn mi bò ó.

Ẹ̀yin ìyá, bí a bá ń pín iṣẹ́ nínú ẹgbẹ́, ọwọ́ a máa pọ̀ fún orin kíkọ àti fún oúnjẹ ìkórè. Bí ó bá kan kíláàsì ọmọdé, àwa náà a máa wo ilẹ̀. Àwa méjì péré ni a kù níbẹ̀, èdè Ẹ̀gùn tèmi kò sì ju ìkíni lọ. Arábìnrin tí ó bá gbọ́ ọ dáadáa yóò wúlò jù mí lọ. Kí ó jọ̀wọ́ wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé.