Orin Dé Òkè Òkun, Orúkọ Olórin Kò Dé Ibẹ̀

Bí wọ́n bá ká ènìyàn mọ́ ibi tí ó ti ń lo ohun olóhun láìtọrọ, àwíjàre kan wà tí ó sábà máa ń wá sí i lẹ́nu: "Ṣebí èmi ni mo jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n." Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwíjàre yìí tó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kan ní erékùṣù Taiwan ni mo sì fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Difang ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pe bàbá náà. Kuo Ying-nan ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Ṣáínà. Ọmọ ẹ̀yà Amis ni, láti Taitung ní ìlà-oòrùn erékùṣù náà. Àwọn Amis ti wà ní Taiwan kí àwọn ará Ṣáínà tó wá tẹ̀dó síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá pé jọ síbi ọtí tàbí sí ẹnu iṣẹ́ oko, ẹnì kan á dá orin, ṣùgbọ́n àwọn yòókù kì í kàn gbè é. Ohùn kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀kan á máa lọ́ mọ́ èkejì, síbẹ̀ orin náà kò ní dàrú. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀. Ẹnu àgbà ni ọmọdé ti ń gbà á.

Ní 1988, Difang àti Igay, ìyàwó rẹ̀, wà lára àwọn akọrin ìbílẹ̀ Taiwan tí wọ́n pè lọ sí Yúróòpù. Ilé àṣà kan ní Párísì gba ohùn wọn sílẹ̀, ó sì gbé e jáde nínú àwo CD. Michael Cretu, olórí ẹgbẹ́ olórin Enigma, gé nínú ohùn yìí, ó fi ìlù òde òní sí i, ó sì di "Return to Innocence", orin tí gbogbo ayé ń gbọ́ ní 1994. Wọ́n tún lò ó láti polówó ìdíje Òlíńpíìkì Atlanta ní 1996. Kò sí orúkọ Difang lára àwo náà.

N kò ní pe Cretu ní olè. Ó sanwó fún ilé àṣà tí ó ní àwo náà kí ó tó lò ó, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà sì ti le. Owó kúrò lápò ẹnì kan, kò dé ọwọ́ ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó gba ohùn sílẹ̀ ni ó ni àwo, òótọ́ ni. Ṣé òun náà ni ó ni ohùn? Àwọn tí wọ́n sì ń sọ pé òkìkí ti tó fún bàbá náà, òkìkí ta ni? Orin náà lókìkí. Ní ti Difang, bí ó bá jókòó ti ẹni tí ó ń gbọ́ ọ lórí rédíò, onítọ̀hún kò ní mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin olùkọ́ lè bi mí pé, ṣé Difang fúnra rẹ̀ ni ó ni orin tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń kọ? Ìbéèrè gidi ni. Lójú tèmi, gbèsè méjì ni ó wà níbẹ̀: ti ohùn, tí ó jẹ́ ti òun àti ìyàwó rẹ̀, àti ti orin, tí ó jẹ́ ti gbogbo ẹ̀yà. Ní 1998 tọkọtaya náà pe ẹjọ́. Wọ́n parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí ní 1999: wọ́n san owó tí a kò sọ iye rẹ̀ fáyé, orúkọ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà lára orin náà nígbà tí wọ́n bá tún gbé e jáde.

Gbèsè kejì ni ó pẹ́. Ní 2007 ni ìjọba Taiwan tó ṣe òfin tí ó fún ẹ̀yà ìbílẹ̀ lódindi ní ẹ̀tọ́ lórí orin, ijó àti iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Difang ti kú láti 2002, ìyàwó rẹ̀ náà sì kú ní ọdún kan náà.