Ǹjẹ́ Ọgbọ́n Lè Sọ Tẹ́tẹ́ Di Halálì? Àgbéyẹ̀wò Eré Pókà ní Douala

Ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, òfin ọdún 2015 fi àyè gba ilé tẹ́tẹ́ tó bá ní ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n fún Mùsùlùmí tó ń gbé àdúgbò New Bell ní Douala, ohun tí ìjọba gbà láàyè lè má jẹ́ ohun tí Sharíà kà sí halálì. Àwọn kan ń jiyàn pé oríire ló ń darí tẹ́tẹ́ tí Àlùkùránì kọ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò àti sùúrù ló ń darí pókà. Ṣé ìdájọ́ kan náà ló tọ́ sí méjèèjì?

Òótọ́ wà nínú àríyànjiyàn yìí. Nínú irú pókà tó gbajúmọ̀ jùlọ, káàdì méjì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbà, márùn-ún a sì wà ní gbangba fún gbogbo wọn. Ẹni tó ń kọ́ ọ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí ó ju káàdì sílẹ̀, kí ó sì ṣírò owó tó wà láàárín. Ní ọdún 2017, Libratus, ètò kọ̀ǹpútà kan, borí ògbóǹtarìgì mẹ́rin ní Amẹ́ríkà. Oríire nìkan kò lè ṣe èyí.

Síbẹ̀, ìdí tí Súrà al-Mā'idah, áyà 91, mẹ́nu bà ni ọ̀tá, ìkórìíra àti ìdènà kúrò níbi ìrántí Ọlọ́hun àti ìrun kíkí. Ọgbọ́n kò mú ọ̀kankan kúrò nínú wọn. Àwọn Lárúbáwá ìgbà àìmọ̀kan a máa fi ọfà ta tẹ́tẹ́ lórí ẹran ràkúnmí, wọ́n a sì fún aláìní ní èyí tí wọ́n bá jẹ. Àánú yẹn kò sọ ọ́ di halálì. Hádíìsì pàápàá mọ iyì ìmọ̀ọ́ṣe, ṣùgbọ́n ràkúnmí, ẹṣin àti ọfà ló yọ sọ́tọ̀ fún ẹ̀bùn ìdíje, nítorí wọ́n wúlò fún ààbò ìlú.

Ẹni tó ra iṣu lọ́jà gba iṣu, ẹni tó tà á gba owó. Nídìí pókà, ohun tí ẹnì kan jẹ ni ẹlòmíràn pàdánù, onílé tẹ́tẹ́ a sì yọ tirẹ̀. Bí ọ̀jáfáfá bá ṣe gbọ́n tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wá òpè tí yóò bá jókòó. Nítorí náà, ọgbọ́n kò sọ tẹ́tẹ́ di òwò. Ẹni tí owó yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bá a yàn.

Ní ti eré tí kò sí owó nínú rẹ̀, àwọn onímímọ̀ lè fi wé shaṭranj, èyí tí Imām Shāfi'ī kà sí makrūh, tí Imām Mālik sì kórìíra. Ìmọ̀ ìṣirò kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí a fi ń gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ìbéèrè yóò wà lé lórí. Ọlọ́hun ló mọ̀ jùlọ.