Ìwọ̀ Ekòló àti Ìwọ̀ Eṣinṣin: Ta Ni Ó Jàre?

Ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní agbègbè Hampshire, odò méjì kan wà tí àwọn apẹja máa ń fi ọ̀wọ̀ dárúkọ. Test ni orúkọ èkíní, Itchen ni èkejì. Láti inú ilẹ̀ ẹfun ni omi wọn ti ń sun, nítorí náà ni ó ṣe mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè dúró ní etí odò kí ó máa wo ẹja nísàlẹ̀. Ẹja tí wọ́n ń pè ní trout ni ó sọ odò méjèèjì di olókìkí. Kò sí ẹja yìí nínú odò ilẹ̀ Yorùbá, nítorí omi tútù ni ó fẹ́. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn tí ó wà láàrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì nípa bí ó ṣe yẹ kí a máa mú un kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹja nìkan. Ọ̀rọ̀ ohun tí ó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ ni, ó sì yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ gbé e yẹ̀ wò.

Ọ̀nà méjì ni à ń sọ. Ẹni kìíní a wa ekòló, tàbí kí ó mú ẹja wẹ́wẹ́ láàyè, a fi í kọ́ ẹnu ìwọ̀, a sì jù ú sómi. Ẹja rí oúnjẹ, ó gbé e mì, ìwọ̀ sì há a. Ẹni kejì kì í lo ohun ẹlẹ́mìí láti fi ṣe ìdẹ. Ìyẹ́ ẹyẹ, irun ẹran àti òwú ni ó ń wé mọ́ ìwọ̀ kékeré títí yóò fi jọ eṣinṣin tàbí kòkòrò odò. Ìwọ̀ yìí fúyẹ́ púpọ̀, kò ṣeé sọ bí òkò. Okùn tí ó wúwo jù ú lọ ni ó ń gbé e rìn. Apẹja a máa fi ọ̀pá rẹ̀ ju okùn náà síwá sẹ́yìn, títí tí eṣinṣin ayédèrú náà yóò fi bà lé omi jẹ́ẹ́, bí ẹni pé fúnra rẹ̀ ni ó já bọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń mọ̀ ní ọjọ́ kan.

Ní ọ̀pọ̀ ibi lẹ́bàá odò méjèèjì wọ̀nyí, èèwọ̀ ni ekòló. Èyí kò ṣe àjèjì sí wa, nítorí àwọn àgbà ti wí pé bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ẹni tí ó ni odò ni ó ni òfin odò. Ṣùgbọ́n àwọn kan kò dúró níbẹ̀. Wọ́n ní ọmọlúwàbí ni ẹni tí ó ń lo eṣinṣin, àti pé ẹni tí ó ń lo ekòló kò kọ́ ìwà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọjá òfin odò, tí ó di ọ̀rọ̀ ìwà, ni a ti gbọ́dọ̀ béèrè ìdí rẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé ìdájọ́ yìí kò ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ wá. Izaak Walton, ẹni tí àwọn apẹja Gẹ̀ẹ́sì kà sí baba wọn, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1653. Ekòló wà nínú ìwé náà, eṣinṣin sì wà níbẹ̀. Ó tilẹ̀ kọ́ òǹkàwé bí a ṣe ń fi àkèré láàyè kọ́ ìwọ̀, ó sì gbà á níyànjú pé kí ó rọra ṣe é, kí àkèré náà lè pẹ́ kí ó tó kú. Lẹ́yìn èyí ju 200 ọdún lọ ni Frederic Halford kọ ìwé tirẹ̀ ní 1886 àti ní 1889, tí ó fi ìlànà eṣinṣin tí ó ń léfòó lélẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ mú ìlànà náà le títí ó fi di pé eṣinṣin tí ó bá rì sínú omi pàápàá di ohun ìtìjú. Agbẹjọ́rò kan, G. E. M. Skues, dìde ní 1910. Ó ní abẹ́ omi ni trout ti ń jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀, kí ni ó wá burú nínú kí a ṣe àwòrán kòkòrò tí kò tíì hu ìyẹ́, kí a sì fi í sí abẹ́ omi? Títí di 1938, nígbà tí Skues ń sún mọ́ 80 ọdún, àwọn apẹja ṣì péjọ ní London láti jiyàn lórí rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ekòló mọ́. Eṣinṣin ni ó ń bá eṣinṣin jà. Bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí tí a bá fi ìṣòro ṣe òṣùwọ̀n ìwà rere. Ẹni tí ó ṣe é le yóò pàdé ẹni tí ó ṣe é le jù ú lọ.

Ìdí mẹ́ta ni àwọn tí ó fẹ́ràn eṣinṣin máa ń sọ. Èkíní ni pé ó ṣòro, nítorí náà ó fún ẹja ní àyè láti bọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó pe ẹja sí eré? Nínú ìjàkadì, àwọn méjèèjì mọ̀ pé ìjàkadì ni àwọn ń jà, àwọn méjèèjì sì lè dá ara wọn. Ẹja kò lè dá apẹja. Kò mọ̀ pé ẹnìkan ń ṣe ojúure fún òun. Ìṣòro náà ń fún apẹja ní ayọ̀ àti ìyìn. Kò fún ẹja ní ohunkóhun tí ẹja béèrè.

Èkejì ni pé ìwà ẹ̀tàn ni kí a fi oúnjẹ tan ẹ̀dá pa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ekòló jẹ́ oúnjẹ lóòótọ́, ìwọ̀ nìkan ni ó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Eṣinṣin oníyẹ̀ẹ́ ẹyẹ kì í ṣe oúnjẹ rárá; láti orí dé ìdí, ẹ̀tàn ni. Bí ẹ̀tàn bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, àwọn méjèèjì ni ó jẹ̀bi, ẹni tí ó sì mọ iṣẹ́ náà jù ni ó tan ẹja jù.

Ẹ̀kẹta ni ìrora, níbẹ̀ sì ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo. Òwe wa ni pé ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ní 2003, Lynne Sneddon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn iṣan tí ń gbọ́ ohun tí ń pa ara lára wà ní orí àti ẹnu trout. Trout máa ń gbé ìdẹ alààyè mì, ìwọ̀ a sì dé ọ̀fun tàbí ìfun. Ṣùgbọ́n ètè ni eṣinṣin sábà máa ń há sí. Nígbà tí Taylor àti White kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 1992, wọ́n rí i pé nínú 100 trout tí a fi ìdẹ mú tí a sì dá padà sómi, nǹkan bí 31 ni ó ń kú. Nínú 100 tí a fi eṣinṣin mú, nǹkan bí 4 ni. Ẹ má sì gbàgbé ẹja wẹ́wẹ́ tí a gún láàyè: òun náà ní ara tí ó ń dùn ún.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn ẹja tí a dá padà ni ìṣirò yìí ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹni tí ó ń lọ mú ẹja méjì fún ọbẹ̀ ìdílé rẹ̀, tí ó tètè pa wọ́n, tí ó sì ká ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀, kí ni ó kàn án bóyá ọ̀fun ni ìwọ̀ há sí? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú 20 ẹja ní ọjọ́ kan, tí ó dá gbogbo wọn padà, ó ti dá 20 ẹ̀dá lóró nítorí ìgbádùn. Òfin ilẹ̀ Jámánì tilẹ̀ wí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìrora jẹ ẹranko láìnídìí tí ó bọ́gbọ́n mu.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé bí gbogbo apẹja bá ń gbé ẹja lọ sílé, odò yóò ṣófo, àti pé dídá ẹja padà ni ó jẹ́ kí trout ìbílẹ̀ ṣẹ́ kù. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Níbi tí ẹja ti ṣọ̀wọ́n, kí a lo eṣinṣin, kí a sì dá ẹja padà jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, àánú odò ni ìdí yẹn, kì í ṣe ọlá apẹja. Ìdí kan náà lè sọ fún un ní ọjọ́ mìíràn pé kí ó má ju ìwọ̀ rárá.

Nítorí náà, èmi kò dá oníekòló láre pátápátá, n kò sì dá eléṣinṣin lẹ́bi. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a tó dájọ́ irinṣẹ́, kí a béèrè ohun mẹ́ta: kí ni ó fẹ́ fi ẹja ṣe, èló ni ó tó o, àti ta ni yóò jìyà rẹ̀? Ẹni tí ó bá dáhùn wọn dáadáa lè lo ekòló kí ó sì jẹ́ ọmọlúwàbí. Ẹni tí kò bá lè dáhùn wọn, bí ọwọ́ rẹ̀ ti lè mọ iṣẹ́ tó, iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni ó kọ́.

Ẹ jẹ́ kí àwa náà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga yẹ ara wa wò. Àwa náà ní ọ̀nà tí ó ṣòro tí a fi ń yangàn, a sì ń fojú tín-ín-rín ẹni tí ó gba ọ̀nà tí ó rọrùn. Kí a tó fi ẹnì kan ṣẹ̀sín, kí a wo ohun tí ó wá lọ sí odò.