Ìràwọ̀ Tó Bú àti Ẹsẹ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Kọ́ Wa



Ní ẹ̀yìnkùlé ní Agbowa, lóru oṣù Kejìlá, tí ọyẹ́ ò bá tíì bo ojú ọ̀run, ẹni tó ní awò awọ̀nàjíjìn àti kámẹ́rà lè ya ohun tí wọ́n ń pè ní Crab Nebula. Ìyókù ìràwọ̀ tó bú ni. Ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú kámẹ́rà yẹn ti wà lójú ọ̀nà láti nǹkan bí ọdún 6,500. Àwọn ará Ṣáínà rí bíbú rẹ̀ ní 1054, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ 23 ni wọ́n fi ń rí i lọ́sàn-án gangan.

Àwọn ọ̀dọ́ ń bi mí pé, "Bàbá, Odù wo ló sọ ọ́?" Kò sí nínú èyí tí wọ́n kọ́ mi. Òótọ́ ni pé ènìyàn ti ń gbé Ilé-Ifẹ̀ nígbà náà. Àmọ́ oṣù Keje ló yọ, ẹ̀yin náà ẹ mọ òjò oṣù Keje.

Ó rọrùn kí n hun ẹsẹ kan. Kí n pe orúkọ awo mẹ́ta, kí n ní wọ́n dífá fún ìràwọ̀ níjọ́ tó ń lọ bú lójú ọ̀run. Á dùn létí. Ẹ ó máa fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé Ifá ti sọ ọ́ kí òyìnbó tó mọ̀. Ṣé irọ́ tó gbé ẹ̀sìn wa ga náà burú? Ó burú jọjọ, torí ẹbọ ń bẹ nínú ẹsẹ. Lọ́la, Odù yẹn á jáde fún aláboyún kan, awo tó kọ́ ẹsẹ mi lórí fóònù á kì í fún un, á ní kó lọ ra ewúrẹ́ tí Ifá ò bèèrè.

Ẹnì kan á ní, ọ̀rọ̀ Ìmàle ńkọ́, ṣebí ó wà nínú Ọ̀túrá Méjì? Ó wà níbẹ̀. Ohun tuntun ń wọlé, àmọ́ ojú ọ̀pọ̀ awo ló ń gbà wọlé.

Ẹ wo àwọn tó ń ya ìràwọ̀. Wọn kì í ya ẹyọ kan. Wọ́n lè ya ọgọ́rùn-ún, kọ̀ǹpútà á tò wọ́n lé ara wọn. Ohun tó hàn nínú gbogbo rẹ̀ á dúró. Èyí tó hàn nínú ẹyọ kan ṣoṣo, bí iná bàálù tó ń lọ sí Ìkẹjà, á yọ ọ́ dànù. Bí awo ṣe ń jókòó pọ̀ kì Ifá náà nìyẹn: ẹni tó bá gba ibòmíì lọ, àwọn tó kù á dá a dúró lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bi awo míì, bóyá wọ́n kọ́ òun. Kó pe orúkọ ẹni tó kọ́ ọ fún yín. Kí ẹ sì lọ ya àwòrán náà.